Ṣájà Tí Kò Mọ̀ Pé Bátìrì Ti Yó

“Fi í síná, kí ọkùnrin yìí rí i, kí ó máa lọ.”

Àlájì Sùlàímọ́nù kò gbé ohùn sókè. Orí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lórí òkúta ńlá kan láti Pissy tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn dúró, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Rahinatou, ìyàwó àbúrò rẹ̀, dúró lẹ́yìn tábìlì onígíláàsì, ó ń wo ṣájà dúdú kékeré tó wà níwájú rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án.

Oníbàárà náà, tíṣà kan tó ń jẹ́ Félix, na bátìrì méjì síwájú. Bátìrì sìgá oníná ni wọ́n, wọ́n ki bí àtàǹpàkò àgbàlagbà. “Madame, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dán an wò,” ó sọ ní Faransé. “Ṣájà tí mo ní ti kú.”

“Mi ò ní í dán an wò,” Rahinatou dá a lóhùn. “Mi ò sì ní í tà á.”

Láwàlì, ọkọ rẹ̀, tó ń to ìdérí fóònù sórí pẹpẹ, dáwọ́ dúró.

Ní gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù yẹn ní àdúgbò Bilbalogo, ojú oníbàárà ni wọ́n ti ń dán ohunkóhun tó bá ń lo iná wò. Wọ́n á fi ṣájà síná, wọ́n á ki bátìrì bọ̀ ọ́, iná pupa á tàn. Wọ́n á fi bátìrì tó ti kún rọ́pò rẹ̀, iná á di àwọ̀ ewé. Oníbàárà á mi orí pé ó dáa. Ẹni tó ń tà á ní “Barka”, ìyẹn ìbùkún, ẹni tó rà á ní “Barka”, ọjà parí. Ẹni tó bá gbé ọjà padà wá lẹ́yìn barka, ẹ̀rín ni wọ́n á fi lé e lọ. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni Rahinatou ti ń ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ sì yá níbẹ̀ ju ti gbogbo wọn lọ.

Òun ló bẹ Láwàlì pé kó fi sìgá gidi sílẹ̀ nítorí ikọ́ Nimotalahi, ọmọ wọn. Láwàlì gbà, ó fi sìgá oníná rọ́pò rẹ̀. Lórí tábìlì yìí kan náà ni Àlájì ti mú ṣájà fún un. Wọ́n dán an wò, iná tàn, wọ́n ní barka.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, wọ́n mú iná lọ láti àárọ̀ ní Tanghin tí wọ́n ń gbé. Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú ni iná padà dé. Láwàlì fi bátìrì síná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní tí ọmọ ń sùn sí. Nígbà tí iná di àwọ̀ ewé, Rahinatou ní kó yọ ọ́. Láwàlì ní, “Ó ti yó nìyẹn, kò tún jẹun mọ́,” ó sì lọ kírun alásárì. Rahinatou ń fọ ìrẹsì lágbàlá nígbà tó gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí wọ́n bá la igi. Bátìrì náà ti bẹ́; ẹní jó tó ojú mọ́kànlá. Ojú kejìlá wà ní ojúgun ẹsẹ̀ òsì Nimotalahi, ó gùn tó ìka ìfábẹ̀lá Rahinatou. Ó mọ̀, nítorí ó fi ìka náà wọ̀n ọ́n nígbà tó ń pa oògùn sí i.

“Ìyàwó,” Àlájì ní, “ṣé o fẹ́ bá mi jà níwájú àlejò ni?”

“Àlájì, mo kúnlẹ̀ sọ ọ́ fún yín lánàá. Ẹ ní bátìrì ló burú.”

“Bátìrì ló burú náà. Bí ṣájà bá burú, ṣé iná rẹ̀ á máa tàn?”

“Tọ́ọ̀ṣì náà ń tàn, sà. Ṣé a ń fi tọ́ọ̀ṣì kún bátìrì?”

Àlájì yíjú sí àbúrò rẹ̀. “Láwàlì, gbọ́ o! Cours du soir, ilé ẹ̀kọ́ alẹ́! Ọdún méjì ló fi bá àwọn mẹkáníìkì jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ti di ingénieur. Ìwọ lo rán an lọ.”

“Mi ò rán an, ẹ̀gbọ́n,” Láwàlì sọ ní ohùn ìsàlẹ̀. “Òun ló rán ara rẹ̀.” Ó wo ìyàwó rẹ̀. “Ìyá Nímọ̀, ó tó báyìí. Jọ̀ọ́.”

Ohùn “jọ̀ọ́” yẹn ló bí i nínú jù. Láti Ọjọ́bọ̀ ni Láwàlì ti ń sọ jọ̀ọ́. Ó sọ ọ́ fún ọmọ, ó sọ ọ́ fún dókítà, ó sọ ọ́ fún òun. Kò tíì sọ ohun kan fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“D'accord,” Rahinatou ní. “A ó dán an wò. Ṣùgbọ́n lónìí, a ò ní í dúró síbi tí iná ti tàn.”

Ó gbé garawa yanrìn tó wà ní kọ̀rọ̀ nítorí ìjàǹbá iná, ó gbé e sí ìta ẹnu ọ̀nà, níbi tí atẹ́gùn wà. Ó mú ṣájà tuntun nínú páálí, ó mú bátìrì tuntun nínú ọ̀rá rẹ̀, ó tẹ́ méjèèjì sórí yanrìn, ó sì na wáyà wọ inú ilé. Ó fa ẹ̀rọ tó fi ń wọn iná jáde nínú àpò rẹ̀, ó fi ẹnu wáyà rẹ̀ mú orí àti ìdí bátìrì. 4.12, ẹ̀rọ náà kọ ọ́ sójú.

“Ẹ wo nọ́ḿbà yìí,” ó sọ fún Félix ní Faransé. “Tó bá ti di 4.20, bátìrì yìí ti yó. Ṣájà tó dára á dúró níbẹ̀. Ṣé ẹ lè fún mi ní ìdajì wákàtí?”

Félix wo aago rẹ̀. “Àwọn ọmọ kíláàsì mi ò ní í sunkún bí mo bá pẹ́,” ó ní. Ó fa bẹ́ǹṣì sún mọ́ garawa.

Iná pupa tàn. Wọ́n dúró. Oòrùn ti ń wọ ẹnu ọ̀nà. Àlájì ń fa tẹ̀sùbáà, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ kò mì. 4.15. 4.18. Nígbà tó di 4.20, iná náà di àwọ̀ ewé.

“Ẹ ò rí i!” Àlájì pa ọwọ́ pọ̀. “Ó ti yó! Ìyàwó, ojú rẹ ló ṣe é. Yọ ọ́, kí a tà á fún un.”

“Ẹ jẹ́ ká wò ó.”

4.21. 4.23. Félix bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan tọ́ ojú ẹ̀rọ náà bí ẹni pé ó ń gbún un ní kẹ́ṣẹ́. 4.26.

“Iná ti di ewé,” ó sọ. “Kí ló tún ń wọ inú rẹ̀?”

“Ohun tó wọ inú èyí tó jó ọmọ mi ni. Mo tú ọ̀kan wò ní Sátidé. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó ń pa iná. Àwọ̀ nìkan ló ń pààrọ̀.”

4.29. Àlájì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí òkúta. Ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, irin àga náà ń ha sìmẹ́ǹtì.

Rahinatou gbọ́ ọ.

“Ẹ má sún, Àlájì. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ló wà láàárín yín àti garawa. Ti Nimotalahi kò tó ìgbọ̀nwọ́ kan.”

“Yọ ọ́!”

“Kí ló dé? Iná ò tàn ni? Ẹ ní barka, kí ọjà parí!”

“Mo ní kí o yọ nǹkan yìí, Rahinatou! Ṣé o fẹ́ jó mi mọ́ ṣọ́ọ̀bù ni? O ò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ lò ń bá sọ̀rọ̀?”

“Mo mọ̀ ọ́n, sà. Àwọn àgbà ní bí iná bá jó ni, tó jó ọmọ ẹni, ti ara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Ẹ ti gbọ̀n tiyín báyìí. Ta ni yóò gbọ̀n ti ọmọ mi?”

4.32. Láwàlì ló rìn kọjá láàárín wọn, tó fa wáyà yọ lára ògiri. Ó dúró, ó mú wáyà náà dání.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ní Ọjọ́bọ̀, ó ju wákàtí kan lọ tí mo fi bátìrì sílẹ̀ síná lẹ́yìn tó di ewé. Ìyá Nímọ̀ ní kí n yọ ọ́. Mo ní ó ti yó.”

Àlájì wo òde.

Félix ní, “Madame, èwo wá ni kí n rà?”

Ṣájà mìíràn kan ṣoṣo ló wà ní òkè pẹpẹ, eruku ti bò ó nítorí pé owó rẹ̀ pọ̀. Ihò bátìrì méjì ló ní, ihò kọ̀ọ̀kan sì ní ojú kékeré tó ń kọ nọ́ḿbà tirẹ̀. Rahinatou nù ún. Kò gba nọ́ḿbà náà gbọ́. Ó fi bátìrì Félix sínú rẹ̀ lórí yanrìn, ó sì tún fi ẹ̀rọ tirẹ̀ wọ̀n ọ́n. Wọ́n tún jókòó. 4.20. Wọ́n dúró. 4.20. Wọ́n tún dúró títí Félix fi bẹ̀rẹ̀ sí í yán. 4.19.

“Èyí mọ ìgbà tí ènìyàn yó,” Rahinatou ní. “Síbẹ̀, ẹ má fi í síná kí ẹ jáde. Ẹ má gbé e sítòsí ibùsùn.”

Félix san owó, ó gbé e mọ́ra. “Barka.”

Rahinatou kò ní barka. “Bí ó bá ṣe bákan,” ó ní, “ẹ gbé e padà wá bá mi. Bó tilẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.”

Félix dúpẹ́, ó sì lọ.

“Ta ló ní kó gbé e padà?” Àlájì béèrè.

“Èmi ni.” Rahinatou ti ń ká wáyà ẹ̀rọ rẹ̀ sínú àpò. “Bàbá Nímọ̀, kọ́kọ́rọ́ alùpùpù dà?”

“Níbo là ń lọ?”

“Etí omi ní Tanghin. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń gbin sàláàdì, tí wọ́n jọ ra ọ̀kan nínú ṣájà dúdú yìí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ààwẹ̀. Lẹ́yìn wọn, télọ̀ tó ní àpá létí. Lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ń dé àṣíborí pupa.”

“Gbogbo wọn?”

“Ẹnu mi ni mo fi sọ barka fún wọn.”

“Bí ẹ bá fẹsẹ̀ kan òde báyìí,” Àlájì ní, ṣùgbọ́n kò parí rẹ̀. Láwàlì ti gbé òkúta Pissy kúrò nídìí ilẹ̀kùn, ó gbé e sórí páálí àwọn ṣájà dúdú náà kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má baà tètè dé inú rẹ̀, ó sì jáde lọ tan alùpùpù.

Rahinatou gun ẹ̀yìn rẹ̀. Kò mọ orúkọ ẹyọ kan nínú wọn. Ojú wọn ló mọ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n wá, àti bí oníkálukú ṣe mi orí nígbà tí iná tàn.