Ọtí Mẹ́fà Tí Tíṣà Tọ́ Wò

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tíṣà mọ òwe yìí dáadáa. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní jọ́gíráfì, òwe yẹn ló sì fi máa ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gbàgbé ẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo sọ pé ẹni tí òun fẹ́ fẹ́, wáìnì ló ń tà, ó sì gbọ́dọ̀ máa tọ́ ọ wò kó tó rà á.

"Iṣẹ́ wo nìyẹn?" Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. "Ta ni ò lè mutí? Èmi tí mo mọ gbogbo ayé lórí máàpù, tí mo bá ti fẹnu kan ife, màá sọ orílẹ̀-èdè tó ti wá. Kó gbé mẹ́fà wá. Tí mo bá gba mẹ́ta, a jẹ́ pé kò níṣẹ́ lọ́wọ́ nìyẹn, mi ò sì ní fọmọ mi fún un."

Ojú ọmọ náà fà ro. Ó dun Tíṣà, ṣùgbọ́n agídí ò jẹ́ kó yí ohùn padà.

Lọ́sàn-án Sátidé, ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé ìgò mẹ́fà dé, funfun mẹ́ta, pupa mẹ́ta. Kò sí èyí tó wọ́n níbẹ̀; irú èyí tí òṣìṣẹ́ lè rà wálé lópin oṣù ni. Tíṣà ní kí ìyàwó òun fi síkáàfù di òun lójú, kí wọ́n má baà sọ pé àwọ̀ ọtí ló ran òun lọ́wọ́. Ó ní kí ọmọ òun máa fi bírò pupa máàkì òun sórí ìwé.

"Ẹ lè tu ú sínú abọ́ yìí, sà, bí àwa ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́," ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ.

"Kí n tu ohun tí wọ́n fowó rà dànù?" Tíṣà gbé e mì.

Òótọ́ tí kò sọ fẹ́nìkan ni pé ibi ìgbéyàwó ẹni ẹlẹ́ni nìkan ló ti ń mu wáìnì, súgà ló sì máa ń bù sí i tí ẹnikẹ́ni ò bá wò ó. Kò rí nǹkan kan gbá mú nínú ife àkọ́kọ́ ju pé ó kan. Ló bá sá lọ bá máàpù inú orí rẹ̀.

"Oòrùn ò tó níbi tí èyí ti wá. Jámánì!" Ìkejì ta á lọ́fun. "Ilẹ̀ gbígbẹ ni. Sípéènì!" Nígbà tó fi máa kan ìkarùn-ún, ó ti ń ṣàlàyé atẹ́gùn òkun bí ẹni tó dúró síwájú pátákó. Ìyàwó rẹ̀ ń wúkọ́ tí kì í ṣe ikọ́. Ó mu ìkẹfà, ó mi orí. "Ọtí pupa gidi! Ṣílè, lẹ́sẹ̀ òkè!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yọjú wo ìwé náà. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀.

"Ẹ gba mẹ́ta, sà."

Tíṣà rẹ́rìn-ín ìṣẹ́gun, ó fa síkáàfù kúrò lójú. Ọtí tó kù nínú ife ọwọ́ rẹ̀ mọ́ gaara, kò pupa rárá. Ó ń rí ìka ara rẹ̀ nínú ẹ̀. Ó gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń sunkún. Òdo nínú mẹ́fà.

Olódo! Orúkọ tó fi pe ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti wá bá a nílé.

"Kí ló dé tó o purọ́?" ó bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà. "O ò mọ̀ pé ìyàwó ló ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ ni?"

"Mo mọ̀, sà. Mi ò kàn fẹ́ kójú tì yín níwájú Mọ́mì."

Ojú ti Tíṣà ní tòótọ́, ju èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ lọ. Ó fa àga kan sún mọ́ tiẹ̀.

"Àna mi, jókòó," ó ní, ó na ife náà sí i. "Níbo ni èyí ti wá? Kọ́ mi."