Wáyà Tó Pa Aago Lẹ́nu Mọ́
Ní iléeṣẹ́ ọ̀rá kan ní Okokomaiko, kántà kan wà lára ẹ̀rọ Morádéyọ̀ tó ń ka iye ìgbà tí abẹ bá gé ọ̀rá. Tó bá pé ẹgbàárùn-ún, aago á dún kí wọ́n lè pààrọ̀ abẹ. Lọ́jọ́ tí abẹ ṣẹ́, tó sì gé e níka, aago ò dún.

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ṣí kántà náà, ó rí wáyà tí wọ́n fi dá kíkà dúró.

“Bọ̀ọ̀dá Akínṣọlá, ta ló so èyí?”

Ọkùnrin tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà wolẹ̀. “Èmi ni. Ọ̀gá ní à ń dúró jù.”

“Ẹ sì jẹ́ kí n máa tọwọ́ bọ̀ ọ́?”

Morádéyọ̀ fa wáyà náà yọ, ó sì sunkún dé Iyana-Iba.