Káàdì Ọkọ, Ẹ̀rọ Àbúrò

Ayùn kékeré wọ káàdì kọ̀ǹpútà náà lára, eruku rẹ̀ sì ń bọ́ sórí aṣọ ìnura tí Ìyá Oníwáyà tẹ́ sórí tábìlì. Ó dúró, ó gbé e sókè wò. Ẹ̀pa ò bóró mọ́: kọ̀ǹpútà tí ó ti inú rẹ̀ yọ ọ́ kò ní lè lò ó mọ́ láéláé.

Kọ̀ǹpútà ọkọ rẹ̀ ni. Láti ìgbà tí ọkọ ti di olóògbé, aṣọ funfun ló fi bò ó ní kọ̀rọ̀ pálọ̀. Ó máa ń nù ún, kì í tan án. Àtúnṣe rédíò àti ẹ̀rọ àtijọ́ niṣẹ́ tó fi tọ́mọ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ọkọ yìí kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń fọwọ́ kàn.

Akọ̀wé ló sọ gígé káàdì yìí di dandan. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni. Akọ̀wé ni Ìyá Oníwáyà ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn ní ìyàwó. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ẹsẹ̀ àti ohùn rẹ̀, ìka kan ṣoṣo ló kù tó ń gbọ́ tirẹ̀. Ọkọ ló ṣe ètò kan sínú kọ̀ǹpútà tí Akọ̀wé ti ń lò láti kékeré, tó fi jẹ́ pé ohun tí ìka bá tẹ̀, ẹ̀rọ á sọ ọ́ jáde. Ètò náà kì í ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ mìíràn, ìka tó ń gbọ̀n kì í sì í bá dígí fóònù rẹ́. Àmọ́ ẹ̀rọ náà lọ́ra bí ìgbín. Kí Akọ̀wé tó dé ìdajì gbólóhùn, àlejò á ti bá a parí rẹ̀, á ti dìde. Ìyá Oníwáyà náà ń bá a parí rẹ̀. Ó gbà pé àánú ni.

Lánàá, Akọ̀wé ti kíbọ́ọ̀dù sẹ́yìn, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Káàdì inú ẹ̀rọ ọkọ lè mú ẹ̀rọ tirẹ̀ yára, ṣùgbọ́n eyín káàdì náà, ìyẹn etí rẹ̀ tó ń wọnú ẹ̀rọ, fẹ̀ ju ihò ẹ̀rọ Akọ̀wé lọ, ibi tí iná ń gbà wọ ọ̀kan kọ́ ló ń gbà wọ èkejì. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ó wí nínú ara rẹ̀. Ó gé eyín tó lé, ó fi wáyà tín-ín-rín so ẹsẹ̀ káàdì mọ́ ibi tí iná ẹ̀rọ Akọ̀wé ń gbà, ó yọ́ òjé sí i. Ó kì í bọ ẹ̀rọ Akọ̀wé, ó tan án. Ojú ẹ̀rọ dúdú.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní, "Màámi, ṣé ẹ ò ti ba ti Bàbá jẹ́ báyìí?"

Ìyá Oníwáyà fi awò wo ojú òjé kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí wáyà kan tí kò dì mú. Ó tún un jó. Ìmọ́lẹ̀ yọ.

Ó ti àga onítáyà Akọ̀wé dé ibẹ̀. Ìka náà ṣiyèméjì, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Mo fẹ́ l...

Ọwọ́ Ìyá Oníwáyà ti wà lẹ́yìn àga. Nírọ̀lẹ́ gbogbo, báyìí ni gbólóhùn náà ń bẹ̀rẹ̀. Òun á ní, "Ẹ fẹ́ lọ sùn, Akọ̀wé," á sì tì í wọ yàrá. Ó fẹ́ yí àga náà, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀rọ ṣáájú rẹ̀.

"Mo fẹ́ lọ jókòó síta, kí n máa wo àwọn tó ń kọjá."

Ìyá Oníwáyà jọ̀wọ́ àga náà, ó yí wá síwájú rẹ̀.

"Ṣé ohun tí ẹ ti ń sọ látẹ̀yìnwá nìyẹn?"

"Òun ni, ìyàwó."

Ó ti àga náà dé etí ọ̀nà. Àwọn ọmọ iléèwé ń ti ara wọn kọjá; obìnrin kan ń wọ́ ajá rẹ̀ tí kò fẹ́ lọ. Akọ̀wé tẹjú mọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá Oníwáyà jókòó sórí àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti bá a parí láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, kò mọ èyí tó jẹ́ ti Akọ̀wé níbẹ̀.