Káàdì Tó Wọ Aṣọ Aláṣọ

Dókítà eléyín kan ló dá ọ̀ràn náà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ pé òun ń dá nǹkan kan sílẹ̀. Ọkùnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, inú ẹnu ẹlòmíràn ló sì ti ń wò láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó gun àkàsọ̀ lọ sí yàrá kékeré kan lókè ilé ìfọṣọ, níbi tí obìnrin kan ti máa ń to kọ̀ǹpútà fún èèyàn. Ó ní òun fẹ́ èyí tí òun á máa fi gbá géèmù, irú èyí tí ewé igi inú rẹ̀ á máa mì bí ẹni pé atẹ́gùn gidi ló ń fẹ́ ẹ.

"Àwọn ọmọ ti kúrò nílé," ló wí. "Ìyàwó mi ní kí n wá nǹkan ṣe, kí n yé ka eyín òun nígbà tí òun bá ń rẹ́rìn-ín."

Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n ni àwọn oníbàárà ń pe obìnrin yìí, nítorí bó ṣe máa ń jó wáyà tó tín-ín-rín bí irun orí pọ̀ mọ́ra láìmira. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti kó ohun gbogbo jọ fún dókítà: àpótí, mẹ́mọ́rì, fáànù mẹ́ta. Ó wá ku káàdì gíráfíìkì, èyí tó ń ya àwòrán sójú sikirínì. Bí káàdì yìí bá kùnà nínú kọ̀ǹpútà géèmù, bí ẹni ń pọn omi sínú apẹ̀rẹ̀ ni gbogbo ìnáwó yòókù.

"Mo ti rí èyí tí mo fẹ́," ni dókítà wí, ó sì na fóònù rẹ̀ sí i. "Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ojúlówó ló ń tà á. Iye rẹ̀ kò ju ìdajì ti ibòmíràn lọ."

Sukurudiráfà jábọ́ lọ́wọ́ Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yẹn ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọkùnrin náà kọ "Ojúlówó nìkan là ń tà" gàdàgbà sókè ẹnu ọ̀nà, àwọn èèyàn sì sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan gbé káàdì tó jóná padà wá. Nígbà tí wọ́n tú u, káàdì àtijọ́ ni wọ́n bá nínú èèpo tuntun. Ojúlówó kò tilẹ̀ ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó na ìka sí ọmọbìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́. "Òun ló pààrọ̀ rẹ̀!" Ó já báàgì rẹ̀ gbà, ó sì da ohun inú rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níta gbangba: ìyarí, aṣọ ìnujú, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ̀. Wọn kò rí káàdì kankan. "Ó ti tà á nìyẹn," ni Ojúlówó wí. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Láti ọjọ́ náà, Olè Káàdì ló di orúkọ rẹ̀. Kò sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó gbà á síṣẹ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi fọ abọ́ ní ilé ìdáná ọsibítù kan, kó tó rówó gba yàrá òkè ilé ìfọṣọ. Wọ́n ní bó bá pẹ́, ọ̀rọ̀ a máa tutù. Tirẹ̀ kò tutù rárá. Nínú ọdún wọ̀nyẹn, ó kọ́ gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yí káàdì: bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ láti parọ́ orúkọ rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, bí wọ́n ṣe ń kùn ún lọ́dà, bí wọ́n ṣe ń lẹ sítíkà mìíràn mọ́ ọn. Ó kọ́ ọ bí ọdẹ ṣe ń kọ́ ipa ẹsẹ̀ ẹran.

Ó mú sukurudiráfà nílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀, dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ má sanwó o, àyàfi tí mo bá ní kí ẹ san."

"Ṣé kò sí ìjà níbẹ̀?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń mú kí èèyàn la ẹnu. Lónìí, ó kàn mí."

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n débẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́. Ojúlówó ti sanra sí i. Ó wo Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n lójú kòrókòró lábẹ́ fìlà tó dé, kò mọ̀ ọ́n. Àpò èèyàn ló máa ń wò, kì í wo ojú. Ó to páálí mẹ́ta síwájú dókítà, kékeré, ìwọ̀nba àti ńlá, ó sì ń fọwọ́ pa èyí tó tóbi jù lórí bí ọmọ.

"Ìwọ̀nba yìí ti tó wọn," ni Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n wí. "Iná tó ń wọ inú àpótí wọn kò lè gbé ńlá yẹn, sikirínì wọn náà kò sì nílò rẹ̀."

Ojúlówó rẹ́rìn-ín. "Màdáámù, ẹ má fi ìyà jẹ dókítà. Ẹni tó lágbára àtira ẹṣin, ṣé ìrù rẹ̀ ló yẹ kó rà?"

"Ó dáa, ẹ gbé ńlá ọ̀hún wá. Ẹ jẹ́ ká dán an wò."

"A kì í ṣí páálí kí wọ́n tó sanwó."

Dókítà tún gíláàsì rẹ̀ ṣe. "Èmi náà kì í yọ eyín tí n kò tíì wò."

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Ojúlówó rí i pé ojú pọ̀ lára òun. Ó ké sí ọkùnrin tó ń bá a dán ọjà wò, àgbàlagbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó de ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé ọrùn. Ọkùnrin náà ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ó tan án. Orúkọ tó wà lára páálí náà ló jáde lójú sikirínì.

"Ẹ rí i!" ni Ojúlówó wí.

"Orúkọ ló sọ fún wa," ni Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n dáhùn. "Ta ni kò lè sọ orúkọ tó wù ú? Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́."

Ó fi ètò ìdánwò tó gbé wá sínú kọ̀ǹpútà náà, èyí tó ń di ẹrù lé káàdì lórí díẹ̀díẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí sikirínì fi di àbàwọ́n aláwọ̀ pupa àti ewé, ó sì ṣókùnkùn. Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ̀rọ̀ tó fi yọ káàdì náà, tó tú èèpo rẹ̀, tó sì fi aṣọ nu gírísì ara rẹ̀ kúrò. Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn kedere. Ó gbé e fún dókítà kó kà á sókè. Káàdì ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni.

Ariwo sọ. Ìka Ojúlówó sì tún nà, bí ó ṣe nà lọ́jọ́ sí.

"Ìwọ!" ló pariwo mọ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà. "Ìwọ lo pààrọ̀ rẹ̀! Ẹ bá mi gba báàgì rẹ̀!"

Ọkùnrin náà gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Ọdún mẹ́fà ni Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n fi ro ọjọ́ yìí, kò rò ó rí pé ọrùn ẹlòmíràn máa wà nínú rẹ̀. Ká má parọ́, ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ó fẹ́ kí Ojúlówó jìn wọ inú kòtò náà dáadáa. Ìgbà tí wọ́n fa síìpù báàgì náà ló tó bọ́ fìlà orí rẹ̀.

"Ẹ fi báàgì yẹn sílẹ̀. Ọ̀gá, ẹ wo ojú mi. Tèmi ni ẹ kọ́kọ́ tú."

Ojúlówó wò ó. Ó wá dá a mọ̀.

"Páálí tó wà lórí pẹpẹ yẹn kò dín ní ogún," ni Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n wí. "Ẹ jẹ́ ká tú gbogbo wọn. Ṣé ọkùnrin yìí náà ló pààrọ̀ gbogbo ẹ̀?"

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà rí ahọ́n rẹ̀. "Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń yí wọn. Ọ̀gá fúnra wọn ló ń ṣe é. Àwọn nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀."

Àwọn tó ti ra ọjà lọ́wọ́ Ojúlówó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sílé lọ gbé tiwọn wá. Ojúlówó sún mọ́ Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbúrò mi, jẹ́ ká wọlé, ká sọ ọ́ bí ọmọ ìyá."

"Àbúrò ta ni? Ìta ni mo ti di olè, ìta náà ni n ó ti bọ́ nínú rẹ̀."

"Kí lo fẹ́ gan-an?"

"Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe sí mi."

Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ gbóhùn sókè, Ọ̀gá. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ yín lọ́jọ́ yẹn."

Ìgbà kẹta ló tó ké e síta, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀: "Kò jí nǹkan kan! Èmi ni mo pààrọ̀ káàdì náà. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn."

Wọ́n máa ń ní ẹ̀san kì í dùn tó bí èèyàn ṣe rò. Èyí dùn. Ó dùn débi pé apá dókítà ni Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n dì mú jáde ní ṣọ́ọ̀bù náà.

Oṣù yẹn kò parí tí wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀bù náà pa. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà wá bẹ Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n fún iṣẹ́, obìnrin náà sì júwe ibòmíràn fún un. Kò gbà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ fún ọdún méjì tó panu mọ́, ó lè rí iṣẹ́ jẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní tábìlì tòun. Ibòmíràn ni wọ́n ti ra káàdì ìwọ̀nba fún dókítà. Ó pè ní ọjọ́ kejì pé ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ti pa òun nínú géèmù, ìyàwó òun sì ń rẹ́rìn-ín débi pé òun rí eyín ọgbọ́n rẹ̀ ní ìkangun ẹnu, èyí tó ti jẹrà.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Sátidé yẹn gan-an, ilé ìyá rẹ̀ ni Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n gbà lọ. Ó rò pé ìyá á ní kó fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ìyá gbọ́ ọ tán, ó ní, "Tún un sọ." Ó tún un sọ. Ìyá na ọwọ́ gba fóònù, ó pe àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹni tó máa ń gbé pọ́ọ̀sì rẹ̀ wọ yàrá nígbàkúùgbà tí Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n bá yà sílé rẹ̀.

"Jókòó," ni ìyá wí sínú fóònù. "Ṣé o ti jókòó? Má já lu ọ̀rọ̀ o. Ọmọ mi fẹ́ sọ̀rọ̀."