Ọ̀rọ̀ Ìdánimọ̀ Àná

Kí ogun tó dé, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ló ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ kò ju kó so ohùn ẹnì kan pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì, kó sì yẹra kí wọ́n lè máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Nígbà tí wọ́n wá kó o wọṣẹ́ ológun, wọn ò bi í léèrè ẹ̀ẹ̀mejì tí wọ́n fi gbé rédíò fún un. Onítẹlifóònù ni gbogbo rẹ́jímẹ́ǹtì ń pè é.

Ọjọ́ kan náà ni wọ́n kọ orúkọ òun àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n yìí. Ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, àwàdà kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún wọn láṣọ ológun, ó wo ṣòkòtò ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó ní bí wọ́n bá fẹ́ kí ogun yìí tètè parí, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ mú ẹni tó rán an. Nítorí pé ó mọ̀wé, wọ́n gbé rédíò fún òun náà, wọ́n sì fi í sí Ẹgbẹ́ Kejì, tó ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ bíríkì kan ní òdìkejì odò.

Ní ti Onítẹlifóònù, ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan ló jókòó sí. Ibẹ̀ ni Mejọ̀ tó ń darí wọn sọ di ibùdó àṣẹ. Wọ́n ti fi àpò sìmẹ́ǹtì dí fèrèsé tó fọ́, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n kọ àsìkò iṣẹ́ àwọn ọmọ iléèwé sí ṣì wà lára ògiri: ìṣirò ní aago mẹ́jọ, orin ní aago mẹ́sàn-án.

Ogun tí wọ́n ń jà, kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́ ni, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ibì kan náà ni àwọn àti ọ̀tá ti kọ́ṣẹ́ ìbọn. Bàtà kan náà ni wọ́n ń wọ̀, rédíò kan náà ni wọ́n ń lò, èdè kan náà ló sì wà lẹ́nu wọn. Ìdí nìyí tí Mejọ̀ fi ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ láràárọ̀. Wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ náà lórí rédíò, torí pé ọ̀tá náà létí. Pépà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, oníṣẹ́ kan á fi ọkọ̀ ojú omi gbé e sọdá. Ẹni tí kò bá sì mọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀tá ni wọ́n á kà á sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníṣẹ́ wọ ọkọ̀ ní ìdájí, kò sì padà. Nígbà tí yóò fi di aago méje, àwọn ọmọ ogun Ẹgbẹ́ Kejì méjì lúwẹ̀ẹ́ dé láti òdìkejì, wọ́n tutù, eyín wọn ń gbá pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́. Ojú ọ̀nà ni wọ́n fi wọ́n ṣọ́, wọn ò sí nínú ọgbà bíríkì náà gan-an. Wọ́n ní ọ̀tá ti gbà á, kò sẹ́ni tó ṣẹ́ kù. Ta ni kò ní gbà wọ́n gbọ́? Mejọ̀ pàṣẹ kí wọ́n yin àgbá sí ilé iṣẹ́ bíríkì.

Ọta àgbá kẹta ni wọ́n yìn tí rédíò fi dáhùn.

"Ẹ dá a dúró. Ẹgbẹ́ Kejì nìyí. Àwa lẹ̀ ń yìn lù."

Onítẹlifóònù gbé etí sún mọ́ rédíò. Ohùn àna rẹ̀ ni.

Mejọ̀ sún mọ́ ọn. "Ní kó sọ ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀."

"Ìgbálẹ̀," ni Télọ̀ wí.

Ọ̀rọ̀ àná nìyẹn. Mejọ̀ mi orí. "Tòní ńkọ́?"

"A ò tíì rí oníṣẹ́ lónìí. Àwa mẹ́tàlélógójì la wà níbí. A ò kúrò lójú kan láti àná."

"Mo mọ ohùn yìí, sà," ni Onítẹlifóònù wí. "Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni."

"Ìdajì àwọn ọ̀tá tó wà lọ́hùn-ún ni ìwọ náà mọ ohùn wọn. Bi í ní ohun tí ẹlòmíì ò lè mọ̀."

Onítẹlifóònù gbé ẹnu sún mọ́ rédíò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ wo lẹ fi ń pe ìyàwó mi ní kékeré?"

"Àkùkọ. Kì í jẹ́ kí ará ilé sùn mọ́jú. Àna, ṣé àsìkò eré rèé?"

Onítẹlifóònù bojú wo ọ̀gá rẹ̀. Mejọ̀ ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Ẹni tí wọ́n gbé ìbọn tì lórí náà mọ orúkọ àbúrò rẹ̀," ló wí.

Èèyàn burúkú kọ́ ni. Ní oṣù tó kọjá ó gba irú ohùn bẹ́ẹ̀ gbọ́, ó dá àgbá dúró, ọgọ́rin ọkùnrin ló sì sin kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Síbẹ̀, ó ní kí àwọn alágbá sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí tẹlifóònù tí wọ́n fi ń bá àwọn ọ̀gá bírígédì sọ̀rọ̀ wà.

Ó ku Onítẹlifóònù nìkan nínú yàrá. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, Mejọ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ó mọ̀ pé ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kò ṣe é kó mọ́. Ó tún mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá sọ ọ́ lórí rédíò. Ó tẹ bọ́tìnnì.

"Ẹ̀gbọ́n. Àkàsọ̀. Bí wọ́n bá tún béèrè, ẹ ní àkàsọ̀."

Mejọ̀ wọlé. Bírígédì ti ní bí ẹni inú rédíò náà kò bá lè sọ ọ̀rọ̀ tòní, kí wọ́n máa yin àgbá lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Àkàsọ̀," ni Télọ̀ dáhùn kíá.

Mejọ̀ gbé ohun èlò náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ní ìṣẹ́jú mẹ́rin sẹ́yìn, kò mọ̀ ọ́n."

Ó yíjú sí Onítẹlifóònù.

"Ìwọ lo sọ fún un."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Òun ni lóòótọ́, sà. Mo fi ọmọ mi búra."

"Mo fẹ́ gbà ọ́ gbọ́," ni Mejọ̀ wí. Kò pariwo. "Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí mo ní ni ìwọ. Nísinsìnyí mo ti rí i pé o lè tàn mí nítorí rẹ̀. Kí lo fẹ́ kí n wá di mú?"

Wọ́n mú un lọ sí kíláàsì tó kángun sí ọ́fíìsì náà, ọmọ ogun kan sì dúró tì í. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kékeré, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Àgbá tún bẹ̀rẹ̀. Ògiri náà kò nípọn, ó sì ń gbọ́ rédíò bí ẹni pé ó wà níwájú rẹ̀, àyàfi pé ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kò dáhùn.

"Àna, ṣé o wà níbẹ̀? Mo ti sọ ohun tó o ní kí n sọ."

Lẹ́yìn náà: "Àna, sọ fún wọn kí wọ́n sinmi díẹ̀. Àwọn tó fara pa wà lábẹ́ ààrò ńlá yẹn, a fẹ́ gbé wọn kúrò."

Onítẹlifóònù dìde. Ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ọ, tó ṣeé ṣe kí òun náà ti gbọ́, kò tilẹ̀ gbé ìbọn sókè. "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

Ó wá ohun tó fẹ́ ṣe títí, kò rí i. Ó jókòó. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí rédíò dákẹ́.

Nígbà tí oòrùn yẹ̀, wọ́n sọdá. Wọn ò rí òkú ọ̀tá kan ṣoṣo níbẹ̀. Mọ́kànlá nínú Ẹgbẹ́ Kejì ló ṣì ń mí, Télọ̀ kò sí lára wọn. Ààrò náà ti wó lé àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ méjì ni wọ́n sì fi hú bíríkì kúrò lórí wọn. Wọ́n rí oníṣẹ́ náà láàárín koríko etí odò, ọta ìbọn lọ́rùn rẹ̀, omi ti fọ ọ̀rọ̀ orí pépà inú àpò rẹ̀ nù, ó funfun báláú.

Kò sẹ́ni tó fìyà jẹ Onítẹlifóònù. Ìbá tilẹ̀ sàn fún un bí wọ́n bá fìyà jẹ ẹ́. Mejọ̀ pè é padà sídìí rédíò, ó ní kó kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀tá ló ṣe é. Mejọ̀ fúnra rẹ̀ ló na pẹ́ẹ̀nì sí i. Onítẹlifóònù kọ ọ́, ó sì bá a kọ déètì sí i.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n fún un ní ọjọ́ mẹ́rin kó fi rí ìdílé rẹ̀. Ìwé ikú ti dé ilé ṣáájú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi ìwẹ̀ fún un, ó gbé oúnjẹ fún un, ó dúró kó jẹun tán.

"Ìwọ lo wà nídìí rédíò," ló wí. "Ṣé o gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà?"

Ó ti gbèrò láti purọ́ fún un. Ó ti tún irọ́ náà ṣe nínú ọkọ̀ títí tó fi dán. Ṣùgbọ́n nígbà tó la ẹnu, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ló rò, látorí oníṣẹ́ tí kò padà títí dórí ohun tó kọ sínú ìwé. Obìnrin náà gbọ́ ọ látòkè délẹ̀, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó kó àwo oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀. "Ìyá mi ń bọ̀ wá kí ọ lọ́la," ló wí. "Wọ́n rò pé ọ̀tá ni. Ṣé ká sọ fún wọn?"

Kò mọ̀. Ó béèrè pé kí ni obìnrin náà rí sí i, ó lóun náà ò mọ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà fún un pé Ọlọ́run á pa á mọ́ lójú ogun. Ó ní àmín, òun àti ìyàwó rẹ̀ ò sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Lọ́jọ́ kẹrin, ó padà sídìí rédíò.