Ògì Ọ̀wẹ̀ Àna

Oṣù mẹ́ta ni Rafiou fi bá ìbàdí tó ń dùn ún jà láìfi tramadol kan ẹnu. Kò sẹ́ni tí kò mọ hóró yẹn ní Bessé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ igba ebè lóòjọ́ á gbé e mì, ìrora á pòórá, ara á le koko. Ṣùgbọ́n bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ìgbà tó di mẹ́rin lóòjọ́ ni gìrì gbé Rafiou ṣánlẹ̀ lójú ọ̀nà Okpara, tó gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ níṣojú Awawou, ìyàwó rẹ̀.

Géraldine, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn, bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jáwọ́. Parasetamọ́ọ̀lù ló fún un dípò rẹ̀, pẹ̀lú òróró ìfipara àti aṣọ gbígbóná tí Awawou ń tẹ̀ mọ́ ọn níbàdí. "Èyí kò ní sọ ọ́ di akọni," ló wí, "ṣùgbọ́n kò ní dè ọ́ mọ́lẹ̀. Má ṣe lò ju iye tí mo kọ lọ."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni à ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n. Oògùn náà ń dín ìrora kù, kì í gbé e lọ tán. Rafiou á kọ ọgọ́ta ebè, á jókòó, á fajú ro, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa pè é ní bàbá arúgbó. Inú Awawou ń dùn ní tirẹ̀, torí ọkọ rẹ̀ ti ń jẹun, ó sì ti ń bá ọmọ ṣeré.

Ìgbà náà ni Oyèlékè, bàbá Awawou, ránṣẹ́ pé òjò ti ń lọ, kí àna òun wá ṣe ọ̀wẹ̀ ebè iṣu. Ta ló máa sọ fún bàbá ìyàwó pé ìbàdí ń dun òun? Rafiou kó ọ̀rẹ́ mẹ́fà lẹ́yìn. Awawou po ògì fún wọn láàárọ̀ nílé bàbá rẹ̀, ó lọ fọ igbá, ó padà wá bù ú. Ti ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ bù, ó bù ú kún.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, Rafiou ti ṣíwájú gbogbo wọn, ó ń kọrin. Awawou kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó gbé iyán dé, ọkọ rẹ̀ kò wo oúnjẹ. Ó ń họ imú, ó ń họ ọrùn. Awawou mọ ara híhọ yẹn dáadáa láti ìgbà tramadol.

Ó sáré bá bàbá rẹ̀ lábẹ́ igi. "Bàbá, kí lẹ fi sínú ògì?"

"Ohun tí gbogbo ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ń fi sí i náà ni," Oyèlékè dáhùn tayọ̀tayọ̀. "Mo gún hóró náà, mo tú u sí i nígbà tí o lọ fọ igbá, kó má baà rẹ̀ wọ́n. Mo gbọ́ pé ìbàdí ń dun ọkọ rẹ. Ṣé kí n máa wo ọmọ mi nínú ìrora ni? Wò ó, ó ti nàró!"

Awawou kò lè bínú sí i, ìyẹn ló sì burú jù. Ìfẹ́ ni bàbá fi ṣe é, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé e fún ọkọ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Rafiou dé, ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Kò bi ìyàwó rẹ̀ pé kí ló dé. Ara rẹ̀ ti sọ ohun tó mu fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àna rẹ̀, ohun tí kò lè ṣe láti ọjọ́ yìí wá.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ó wí. "Ṣé ó kù?"