Gbàǹja Tó Wọ Ọkọ̀ Òfuurufú

"Ẹ má fi ewé sí i mọ́, Màmá," ni Sàídì wí. "Omi ẹ̀ á máa kán sí wa lára nínú ọkọ̀ òfuurufú."

Sàfúrátù ìyá rẹ̀ dáwọ́ dúró lórí agbọ̀n obì gbàǹja. Láti ìgbà tó ti ń di obì ní Ṣàgámù fún àwọn oníṣòwò Kánò, kò di ọ̀kan rí láìfi ewé gbòdógì tútù bò ó. Ṣùgbọ́n obì tòní kì í ṣe ti ọjà. Hàbíbátù ọmọ rẹ̀ bímọ ní Kánò, ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ. Bàbá ọkọ Hàbíbátù, Àlàájì Bẹ̀llò, jẹ́ ọmọ Rẹ́mọ tó ti fi òwò obì gbó síbẹ̀. Bí obì ìyá ìyàwó bá rọ níwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀sín dé.

"Wákàtí mélòó lo ní a ó lò?"

"Ọ̀kan àti ààbọ̀."

"Ọjọ́ méjì ni ọkọ̀ ẹrù ń lò. Ṣé ọ̀nà òkè kúrú ju tilẹ̀ lọ ni?"

"Díẹ̀ ni. Tilẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún kìlómítà, tòkè lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rin. Kì í wá afárá Jẹ́bà kó tó kọjá odò Ọya. Eré ẹ̀ ló pọ̀."

"Ta ló wá wọn òfuurufú? Okùn wo ló fi wọ̀n ọ́n?"

Sàídì rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Sàfúrátù kó ewé náà dànù. Kí ni obì wákàtí kan àti ààbọ̀ ń fi omi ṣe?

Wọ́n dé pápákọ̀ Ìkẹjà láàárọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní kí wọ́n dúró. Ọ̀sán pọ́n, wọ́n tún ní kí wọ́n dúró. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí. Sàfúrátù ki ọwọ́ bọ inú agbọ̀n. Obì ti ń rọ.

"Sàídì, ibo lo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí tìẹ?"

"Ìgbà tó bá gbéra ni, Màmá."

"Kò tíì gbéra, obì mi ti wà lọ́nà láti àárọ̀."

Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó ku gèlè lórí.

"Háà! Èyí tẹ́ ẹ rà fún ìsọmọlórúkọ?"

"Orí mi ò ní rọ."

Ó rẹ ìborùn náà sómi ẹ̀rọ, ó fún un, ó sì fi wé obì rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n gbéra. Sàfúrátù tẹ ojú mọ́ fèrèsé títí ó fi rí odò Ọya, tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn ìdirù. Kó tó fi han Sàídì, wọ́n ti kọjá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Àlàájì Bẹ̀llò tú ìborùn tútù náà níwájú àlejò. Ó gé obì kan jẹ. Ó ró kàpà lẹ́nu rẹ̀.

"Obì rèé! Àmọ́ wákàtí kan àti ààbọ̀ péré ni, Ìyá Hàbíbátù. Kí lẹ tún ń fi omi rin ín sí?"

"Pápákọ̀ sí pápákọ̀ nìyẹn, Àlàájì," ni Sàfúrátù wí. "Ilé yín ni mo ń gbé e bọ̀."

Ó gba ìborùn rẹ̀, ó jáde lọ sá a sóòrùn.